Bí A Ti Í Wọn Ìlú: Ìtàn Ọgbọ́n Kan Tí Ó Kan Ilé àti Oko Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ọdún yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga létí yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá wa dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ agbo ilé wa ni, ọ̀rọ̀ abúlé wa ni, ọ̀rọ̀ omi àti ilé ìwòsàn wa sì ni pẹ̀lú.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa lọ sí ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ, láti bẹ̀bẹ̀ fún ilé ìwòsàn kékeré kan fún àwọn abúlé wa tí ó wà ní òdìkejì odò. Ọ̀gá tí ó gbà wá lálejò tẹ́ máàpù kan sórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ́ ibi tí ìlú wa wà: àmì funfun kan tí kò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Nígbà tí a béèrè àwọn abúlé náà, ó ní dúdú ni gbogbo ibẹ̀ nínú máàpù, nítorí náà kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó bá wa lọ wo máàpù náà títí, ó ní, "Ọmọ mi, ibi tí o ní kò sí ènìyàn yìí ni ìyá mi ti bí mi."

Ọ̀gá náà kò purọ́, kò sì ṣe ìkà sí wa. Iná alẹ́ ni wọ́n fi ya máàpù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn abúlé wa kò ní iná ẹ̀lẹ́tíríkì. A padà sílé ní ọwọ́ òfo. Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí bí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti ń wọn ìlú, àti ohun tí ó fà á tí ìlú kan náà fi lè tóbi lójú ẹnì kan kí ó sì kéré lójú ẹlòmíràn. Ohun tí a rí ni a fẹ́ kà fún yín.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó TI ORÍ ÀÀLÀ BẸ̀RẸ̀

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lewis Fry Richardson. A bí i ní 1881, ó sì kú ní 1953. Onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ Quaker tí kì í fẹ́ ogun rárá. Ó fẹ́ mọ ohun tí í máa dá ogun sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè, ó sì rò ó pé bóyá gígùn ààlà tí ó wà láàárín wọn ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ìwé láti mọ gígùn ààlà wọn. Ẹnu yà á gidigidi. Ìwé kan ní ààlà Spain àti Portugal jẹ́ 987 kìlómítà; ìwé mìíràn ní 1,214 ni. Ìwé kan ní ààlà Netherlands àti Belgium jẹ́ 380. Òmíràn ní 449 ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ó gba ilẹ̀ ẹnì kejì.

Richardson rí ìdí rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn awọnlẹ̀ náà ṣe àṣìṣe. Gígùn ọ̀pá tí olúkúlùkù fi wọn ilẹ̀ ni kò dọ́gba. Bí àgbàlagbà bá ń fi ìṣísẹ̀ gígùn wọn etí odò, yóò ré ọ̀pọ̀ kọ́rọ́ kọjá láìwọ inú wọn. Bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀ wọn etí odò kan náà, yóò wọ kọ́rọ́ tí bàbá rẹ̀ ré kọjá, iye rẹ̀ yóò sì gùn ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Bí èèrà bá tún wá wọ̀n ọ́n, tirẹ̀ yóò gùn ju ti àwọn méjèèjì lọ. Odò náà kò yí padà; ẹsẹ̀ tí a fi wọ̀n ọ́n ni ó yí padà. Ní 1961, lẹ́yìn ikú Richardson, ni a tẹ iṣẹ́ yìí jáde, ènìyàn díẹ̀ ni ó sì kọbi ara sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ náà ni Benoit Mandelbrot, tí a bí ní ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Poland ní 1924. Ní 1967 ó kọ àròkọ kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn Science, ó béèrè nínú rẹ̀ bí etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gùn tó. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí iye kan ṣoṣo tí a lè pè ní gígùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan wà tí kì í yẹ̀: bí a ti ń dín ọ̀pá ìwọ̀n kù, gígùn náà ń pọ̀ sí i ní ìlànà kan pàtó, a sì lè fi nọ́ńbà kan sọ ìlànà náà. Ní 1975 ó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní orúkọ, ó pè é ní fractal, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé apá rẹ̀ jọ odindi rẹ̀. Ẹ wo igi ìrókò: ẹ̀ka ńlá rẹ̀ jọ igi, ẹ̀ka kékeré jọ ẹ̀ka ńlá. Ẹ wo odò àti àwọn ìṣàn tí ń wọ inú rẹ̀: bákan náà ni.

BÍ A TI Í RÍ NỌ́ŃBÀ NÁÀ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣirò lé yín sá, nítorí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ẹ fa ìlà onígun mẹ́rin tí ó dọ́gba sórí máàpù, bí ìwé ìṣirò ọmọdé. Ẹ ka iye onígun mẹ́rin tí ohun tí ẹ ń wọ̀n fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé 100 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́ tún un kà.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tààrà ni ẹ ń wọ̀n, 100 yóò di 200, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 1. Bí ó bá jẹ́ pápá tí ó kún dẹ́ńdẹ́ láìsí àlàfo, 100 yóò di 400, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 2. Ìlú kò dà bí ọ̀nà tààrà, bẹ́ẹ̀ ni kò dà bí pápá. Ilé wà níhìn-ín, àgbàlá wà lọ́hùn-ún; àdúgbò kún, igbó là á láàárín. Nítorí náà 100 lè di 300, nọ́ńbà rẹ̀ yóò sì sún mọ́ 1.6; bí ó bá di 325, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1.7. Àwa yóò máa pè é ní òǹkà ìkún, nítorí ohun tí ó ń sọ fún wa ni bí ìlú ti kún orí ilẹ̀ rẹ̀ tó, láti orí ohun ńlá títí dé orí ohun kékeré.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ọgbọ́n yìí wọ inú ọ̀rọ̀ ìlú gbígbé dáadáa ni Michael Batty àti Paul Longley, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Cardiff ní ilẹ̀ Wales. Ní 1987 wọ́n tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí etí ìlú náà, láti inú máàpù àtijọ́ ti 1886, 1901 àti 1922. Ọ̀nà ìwọ̀n mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lò, ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì dọ́gba. Wọn kò fi í pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1994 wọ́n tẹ ìwé ńlá wọn tí ń jẹ́ Fractal Cities jáde, Pierre Frankhauser náà sì tẹ tirẹ̀ jáde ní èdè Faransé ní ọdún kan náà. Wọ́n fi hàn pé òǹkà ìkún ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kì í jìnnà sí 1.7. Bí ìlú bá ń dàgbà, ó máa ń dí àwọn àlàfo inú rẹ̀, òǹkà rẹ̀ a sì máa gòkè.

ÀWỌN BABA WA NÁÀ KỌ́ ILÉ SÍNÚ ILÉ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Ní 1999 ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ron Eglash, tẹ ìwé jáde lórí àpẹẹrẹ irú ètò yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó fi abúlé àwọn Ba-ila ní Zambia hàn, níbi tí agbo ilé ti dà bí òrùka tí abúlé odindi náà sì dà bí òrùka ńlá. Ó tún fi ààfin Logone-Birni ní Cameroon hàn, níbi tí odi wà nínú odi.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ìlú Yorùbá àtijọ́, ààfin wà ní àárín, ọjà wà ní iwájú rẹ̀, ọ̀nà sì ti ibẹ̀ ya lọ sí oríṣiríṣi bodè. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní olóyè tirẹ̀ àti gbangba iwájú ilé rẹ̀. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní baálé àti àgbàlá tí ilé yí ká. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀. Ohun tí ọba jẹ́ sí ìlú ni baálé jẹ́ sí agbo ilé. Ohun tí gbangba ààfin jẹ́ sí ìlú ni àgbàlá jẹ́ sí ilé. Lẹ́yìn odi, abúlé tún ní baálé tirẹ̀, ahéré sì tún wà lẹ́yìn abúlé. A kò sọ pé àwọn baba wa jókòó ṣe ìṣirò 1.7. Ohun tí a ń sọ ni pé ètò kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti orí ńlá dé orí kékeré, irú ètò bẹ́ẹ̀ gan-an ni òǹkà ìkún sì ń wá.

Ẹ tún wo odi àti yàrà. Yàrà Eredo ti Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí P. C. Lloyd kọ nípa rẹ̀ ní 1959 tí Patrick Darling sì tún wọ̀n ní àwọn ọdún 1990, gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yí ilẹ̀ náà ká, ó sì ga tó 20 mítà ní ibòmíràn bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Ní ilẹ̀ Ẹdó, Darling ṣírò rẹ̀ pé bí a bá so gbogbo odi àti yàrà Benin àti abúlé rẹ̀ pọ̀, wọn yóò tó 16,000 kìlómítà. Báwo ni odi ilẹ̀ kan ṣoṣo yóò ti gùn tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé kì í ṣe odi kan. Odi abúlé so mọ́ odi abúlé, èyí tí ó kéré wà lára èyí tí ó tóbi, iye wọn sì ju 500 lọ. Ẹni tí ó bá wọn odi ìlú nìkan yóò ní kìlómítà díẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ inú kọ́rọ́ gbogbo yóò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀rọ̀ Richardson ni a tún bá pàdé yìí.

ÌBÀDÀN LÓJÚ Ẹ̀RỌ ORÍṢIRÍṢI

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí a fi ń wo ìlú lónìí pọ̀. A ó fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ibùdó ogun ni ní nǹkan bí 1829. Reluwé dé ibẹ̀ ní 1901. A dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1948. Nígbà ìkànìyàn 1952, ènìyàn 459,196 ni a kà ní Ìbàdàn nígbà tí a ka 267,407 ní Èkó.

Èkíní ni àwòrán sátẹ́láìtì Landsat. Àkọ́kọ́ nínú wọn gòkè lọ ní 1972. Láti 1982 ni ẹyọ àwòrán wọn ti ń gba 30 mítà ní ìbú àti òòró. Ẹ ronú sí i: ilé wo ni ó tó 30 mítà ní ọ̀nà méjèèjì? Ní Bẹẹrẹ, Màpó àti Ọjà'ba, níbi tí òrùlé fi èjìká kan òrùlé, ẹyọ kan yóò gbé ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá mì pọ̀, yóò sì sọ pé gbogbo rẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgboro, níbi tí ilé kan dá dúró nínú igbó, ẹyọ kan náà yóò sọ pé igbó ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, àwòrán tí ẹyọ rẹ̀ tóbi a máa mú àárín ìlú kún ju bí ó ti yẹ lọ, a sì máa sọ etí ìlú di òfìfo. Yàtọ̀ sí èyí, páànù tí ó ti dípẹtà àti ilẹ̀ pupa tí kò ní koríko jọ ara wọn púpọ̀ lójú ẹ̀rọ náà.

Èkejì ni àwòrán tí ẹyọ rẹ̀ kéré, bíi ti Sentinel-2 tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015 pẹ̀lú ẹyọ 10 mítà. Tẹ̀lé e ni àkójọ òrùlé tí kọ̀ǹpútà fa ìlà yí ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Google tẹ irú rẹ̀ jáde fún Áfíríkà ní 2021, 516 mílíọ̀nù ilé ni ó sì wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nínú irú èyí, àgbàlá tún fara hàn ní Bẹẹrẹ, ilé àdáni tún fara hàn ní oko. Òǹkà ìkún kò ní bá ti Landsat dọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì ni Ìbàdàn kò ṣí kúrò níbi tí ó wà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà mọ́tò àti ọ̀nà ẹsẹ̀. OpenStreetMap bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004; àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni ó ń ya á. Ibi tí olùyọ̀ǹda kò bá dé, ọ̀nà kò sí níbẹ̀ nínú máàpù, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá ńlá wa ni ó la ọ̀nà náà.

Ẹ̀kẹrin ni iná alẹ́, èyí tí ó dójú tì wá ní ọ́fíìsì ọjọ́ náà. Iná a máa tàn kọjá ibi tí a tàn án sí, nítorí náà ibi tí iná pọ̀ a máa dà bí ẹni pé ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ, àlàfo àárín rẹ̀ a sì dí. Ní òdìkejì, ibi tí ó ń lo àtùpà kò ní fara hàn rárá. Ohun tí irú máàpù bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n ni iná, kì í ṣe ènìyàn.

Ohun kan tún kù, òun sì ni ibi tí a pààlà sí. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó wà ní Ìbàdàn: 5 wà nínú ìgboro, 6 yí i ká. Ẹni tí ó bá wọn márùn-ún yóò bá ìlú tí ó kún pàdé; ẹni tí ó bá wọn mọ́kànlá yóò bá ilé àti oko pàdé, òǹkà rẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Àwa ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ẹni kan náà ni ó ní ilé ní ìgboro tí ó sì ní ilé ní abúlé. Bí ọdún bá dé, wọlé ni í wọlé. Ta ni yóò wá gé oko kúrò lára ilé, tí yóò sì ní òun ti wọn ìlú tán?

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni nọ́ńbà àwọn ọ̀mọ̀wé yìí yóò ṣe fún wa. A dáhùn pé ìkànìyàn tí a ṣe gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà ni ti 2006. Láti ìgbà náà, àwọn tí ó ń ṣírò iye ènìyàn ń wo òrùlé àti iná láti òkè, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń sọ ibi tí ènìyàn pọ̀ sí. Ibi tí wọ́n bá sọ pé ènìyàn wà ni ilé ìwòsàn ń lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òkè Ọya. Nígbà tí a ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà, máàpù tí a fi ọwọ́ yà fo ọ̀pọ̀ abúlé, àwọn tí ń tọ́ oògùn náà sí ọmọdé lẹ́nu kò sì dé ibẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 2010, a fi àwòrán sátẹ́láìtì ya máàpù tuntun, a sì rí àwọn abúlé tí kò sí nínú ti ìṣáájú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé àrùn náà, irú èyí tí ó wà fúnra rẹ̀ láyé, ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Máàpù nìkan kọ́ ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n abúlé tí a kò rí, a kò lè tọ́jú ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ wa fi fẹ́ kí gbogbo ọmọ ìlú mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí a sì máa bi ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé nọ́ńbà ìlú wa wá. Èkíní: kí ni o fi wò wá, ṣé iná ni, òrùlé ni, tàbí ọ̀nà? Èkejì: báwo ni ẹyọ ìwọ̀n rẹ ti tóbi tó? Ẹ̀kẹta: níbo ni o pààlà ìlú wa sí? Bí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má ṣe fi nọ́ńbà rẹ̀ dá wa lẹ́jọ́. Bí a bá sì fẹ́ fi ìlú wa wé ìlú mìíràn, ohun kan náà ni kí a fi wọn àwọn méjèèjì. A kì í fi òṣùwọ̀n méjì ta gààrí fún oníbàárà kan.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè nìkan kò tó. Iṣẹ́ wà fún wa. A rọ baálé agbo ilé kọ̀ọ̀kan kí ó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní orúkọ agbo ilé rẹ̀ àti ti àwọn abúlé tí ó jẹ́ ti ìdílé rẹ̀. A rọ àwọn àgbà tí ó mọ ibi tí odi àtijọ́ gbà kọjá kí wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. A rọ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé abúlé, kí wọ́n sàmì sí kànga, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbikíbi, ẹ má ṣe rò pé owó nìkan ni a ń retí lọ́wọ́ yín. Láti orí tábìlì yín ni ẹ ti lè fa ìlà yí òrùlé abúlé ká sórí OpenStreetMap, àwọn ará ilé yóò sì fi orúkọ tí ó tọ́ sí i. Ẹni tí ó wà lókè òkun yóò ya òrùlé. Ẹni tí ó wà nílé ni ó mọ orúkọ ẹni tí ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Sátẹ́láìtì jẹ́ àlejò tí ojú rẹ̀ mú gan-an. Kò burú, kò sì yẹ kí a lé e. Onílé ni ó yẹ kí ó mú un lọ́wọ́, kí ó sì wí fún un pé, ibi tí o rí ní òkùnkùn yìí, abúlé ni, ènìyàn ń bẹ níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì nìyí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wa bá tún padà lọ sí ọ́fíìsì náà, máàpù tiwa ni a fẹ́ tẹ́ sórí tábìlì. A sì fẹ́ kí àgbà tí ó bá wa lọ níjọ́ kìíní tún bá wa lọ, kí ó fi ìka ara rẹ̀ tọ́ ibi tí a ti bí i.

Kí ìlú wa máa gbilẹ̀ o. Àṣẹ.